Kọ̀ǹpútà Ọ́fíìsì Wa: Mo Ní Kí A Fọwọ́ Ara Wa Tò Ó

Ojú ewé yìí ni akọ̀wé yín máa ń fi rán yín létí owó oṣù tí ẹ kò tí ì san, mo sì mọ̀ pé àwọn kan nínú yín a máa yára ṣí i kọjá. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣí tòní kọjá. Ní ìpàdé gbogboogbò tó ń bọ̀, a óò bi yín bóyá kí ẹgbẹ́ ra òdidi kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ mìíràn sí ọ́fíìsì, tàbí kí a ra ẹ̀yà rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan kí a sì tò ó fúnra wa. Ẹnu ìgbìmọ̀ kò kò lórí rẹ̀. Bàbá Alága fara mọ́ tòkunbọ̀. Akápò kò tí ì sọ ibi tí wọ́n wà. Èmi ní tèmi ní kí a tò ó. Bàbá Alága fúnra wọn ló ní kí n kọ èrò mi síbí kí gbogbo yín kà á, pé tó bá di ìpàdé, àwọn náà yóò sọ tiwọn. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, nítorí kì í ṣe gbogbo alága ló ń gba irú èyí.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ rán yín létí ohun tí ojú wa rí. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2023, nígbà tí gbogbo ayé ń sáré ọjà ọdún, kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì wa kú. A tẹ bọ́tìnnì, kò dáhùn. A gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń tún un ṣe. Ó wò ó lóòró, ó wò ó ní ìbú, ó ní ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti jóná pátápátá. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ó lò lọ́hùn-ún. Gbogbo ohun tí ẹ yá àti gbogbo ohun tí ẹ san wà nínú àpótí náà, àwa kò sì lè rí i. Ìyá kan nínú wa tí wọ́n ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú wá gba ẹ̀yáwó láti fi ra aṣọ funfun tí wọn yóò rẹ sínú aró. A kò lè fún wọn, nítorí a kò mọ iye tó kù lọ́rùn wọn. Wọ́n wá lẹ́ẹ̀kínní, wọ́n wá lẹ́ẹ̀kejì. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, wọ́n wò mí lójú kòrókòró, wọ́n ní, “Akọ̀wé, nígbà tí ẹ ń fi bírò kọ ọ́, ṣé bírò máa ń kú fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta?” N kò rí èsì kankan fún wọn. Ọdún yẹn kọjá, wọn kò rí aṣọ rẹ.

Nígbà tí kọ̀ǹpútà náà padà dé, owó tí a san fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì owó tí a fi rà á. Ó ṣiṣẹ́ o, ṣùgbọ́n ó ń wọ́ bí ìgbín. Oṣù mélòó kan lẹ́yìn náà, ọmọ ọ̀kan nínú wa tó ń kàwé ní pólì bá wa ṣí i wò. Ó ní RAM tó wà nínú rẹ̀ jẹ́ 4GB. Ìwé tí a fi rà á wà lọ́wọ́ mi, 8GB ni wọ́n kọ síbẹ̀. Ta ló yọ ọ́? N kò lè fi ẹnikẹ́ni bú, nítorí kò sí ẹnìkan nínú wa tó ṣí i wò rí kí a tó gbé e jáde. A kò mọ ohun tí a ní, báwo la ṣe fẹ́ mọ ohun tí wọ́n mú? Ọmọ náà tún fi hàn mí pé páwà nìkan ló jẹ́ tuntun nínú rẹ̀, èyíinì àpótí kékeré tó ń gba iná. Gbogbo ìyókù ni ti àtijọ́, eruku ọdún gbọọrọ ṣì wà lára wọn. Ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ní ó jóná, kò jóná rárá. Páwà ló jóná, ohun tí ènìyàn lè rà láàárọ̀ kó sì pààrọ̀ rẹ̀ kí oúnjẹ ọ̀sán tó jinná.

Ọ̀pọ̀ nínú wa rò pé kọ̀ǹpútà jẹ́ odidi ohun kan bí ìkòkò amọ̀, pé tó bá ti fọ́, ó fọ́ náà nìyẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun bíi méje ni wọ́n kó sínú àpótí kan. Ẹ fi wé ìsọ̀ yín. Prósẹ́sọ̀ ni ìyá ọlọ́jà tó jókòó, tó ń ṣírò, tó ń dá oníbàárà lóhùn. RAM ni tábìlì tí wọ́n pàtẹ sí. Ohun tí ọwọ́ ń tètè dé ló wà níbẹ̀, tí ilẹ̀ bá sì ṣú, wọ́n á palẹ̀ rẹ̀ mọ́. Ìdí nìyẹn tí ohun tí ẹ kò tí ì fi pamọ́ fi ń parẹ́ nígbà tí iná bá lọ. SSD ni yàrá ẹ̀yìn ìsọ̀ tí a ń kó ẹrù sí tí a ń tì ní kọ́kọ́rọ́: iná lọ o, iná dé o, ẹrù wà níbẹ̀. Mọ́dàbọ́ọ̀dù ni ilẹ̀ ìsọ̀ náà àti gbogbo ọ̀nà tí wọ́n ń gbà kan ara wọn. Páwà ń gba iná tó wá láti ìta, ó ń sọ ọ́ di kékeré tí kò ní pa àwọn yòókù. Fáànù ń lé ooru. Késì ni ògiri àti òrùlé. Ẹ wá rí ìdí tí kọ̀ǹpútà wa fi ń wọ́ nígbà tí RAM di ìdajì: tábìlì ti kéré jù, ìyá ọlọ́jà wá ń wọlé wọ̀de sí yàrá ẹ̀yìn ní gbogbo ìgbà tí oníbàárà bá ti béèrè nǹkan.

Ẹlòmíràn a ní báwo ni ẹ̀yà tí oríṣiríṣi ilé-iṣẹ́ ṣe yóò ṣe bá ara wọn mu. Ìkánjú ilé-iṣẹ́ IBM ní Amẹ́ríkà ló bí i. Ní ọdún 1981 tí wọ́n fẹ́ tètè gbé kọ̀ǹpútà tiwọn jáde, wọn kò ní àkókò láti ṣe gbogbo ẹ̀yà rẹ̀ fúnra wọn. Wọ́n ra prósẹ́sọ̀ lọ́wọ́ Intel, wọ́n gba DOS lọ́wọ́ Microsoft, wọ́n sì tẹ ìwé tó ṣàlàyé bí gbogbo rẹ̀ ṣe so kọ́ra. Kò tó ọdún méjì tí àwọn mìíràn bíi Compaq fi ń ṣe irú rẹ̀ tà. Ní ọdún 1984, akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ń jẹ́ Michael Dell bẹ̀rẹ̀ sí to kọ̀ǹpútà tà nínú yàrá rẹ̀ ní yunifásítì ìpínlẹ̀ Texas. Orúkọ rẹ̀ náà lẹ ń rí lára ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ tí wọ́n ń kó wọlé yìí. Nígbà tó di ọdún 1995, Intel gbé ìwọ̀n kan kalẹ̀ tí wọ́n ń pè ní ATX, tó sọ ibi tí ihò síkúrù yóò wà àti bí ẹnu wáyà páwà yóò ṣe rí. Láti ìgbà náà, ó dà bí ìgbà tí gbogbo télọ̀ bá ń lo tépù kan náà: mọ́dàbọ́ọ̀dù tí wọ́n ṣe ní Taiwan yóò wọ inú késì tí ẹlòmíràn ṣe ní Ṣáínà láìsí ìjà.

Èmi kì í ṣe ẹnjiníà. Wáẹ́ẹ̀kì ni mo fi parí ìwé mi. Tí ẹ bá sọ fún mi ní ọdún 2022 pé mọ́dàbọ́ọ̀dù bàjẹ́, n bá bi yín pé ìyá ta ni yẹn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìyá aládìrẹ yẹn kò jẹ́ kí n sùn. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2024, mo fi owó ara mi ra ẹ̀yà kọ̀ǹpútà kan, èmi àti ọmọ mi ọkùnrin tó wà ní SS2 nígbà náà sì tò ó lórí tábìlì oúnjẹ wa.

Kí a tó lọ sọ́jà, ọ̀sẹ̀ méjì la fi wádìí, tí a ń kọ orúkọ ẹ̀yà sílẹ̀ tí a ń fagi lé e. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ gidi wà, nítorí títò rẹ̀ kò gbà wá ju ìrọ̀lẹ́ kan lọ. Prósẹ́sọ̀ kọ̀ọ̀kan ní irú sọ́kẹ̀ẹ̀tì tó lè wọ̀. Ti AMD àti ti Intel kò lè jókòó sórí mọ́dàbọ́ọ̀dù kan náà. Bí ó tilẹ̀ jẹ́ AMD sí AMD, èyí tó jẹ́ ti AM4 kò wọ AM5. A mú èyí tí wọ́n ń pè ní Ryzen 5 5600G, tó jẹ́ ti AM4, nítorí pé agbára àwòrán wà nínú rẹ̀, kò sí ìdí láti tún ra káàdì àwòrán lọ́tọ̀. Ẹ ṣọ́ra níbẹ̀ o! Ryzen 5 5600 tí kò ní G níparí kò ní àwòrán nínú. Ti Intel tó bá ní F níparí, òun náà kò ní. Lẹ́tà kan ṣoṣo ni, ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá kà á dáadáa yóò tò ó tán, kò sì ní rí nǹkan kan lójú mọ́nítọ̀.

A wọ ọkọ̀ láti Abẹ́òkúta níbí lọ sí Ìkẹjà, sí ọjà kọ̀ǹpútà tó wà ní àdúgbò Ọ̀tìgbà. Ẹ̀yin tí ẹ ti débẹ̀ rí mọ bó ṣe ń rí. Ẹsẹ̀ kejì kò tíì kanlẹ̀ tí ọmọkùnrin mẹ́rin fi yí wa ká: “Mọ́mì, kí lẹ fẹ́ rà? Fóònù ni? Láptọ́ọ̀pù ni? Ẹ tẹ̀lé mi, mọ́mì mi.” Ìwé tí a kọ sílẹ̀ ló gbà wá lọ́wọ́ wọn. Nígbà tí a dé ìsọ̀ ẹni tó ń ta ẹ̀yà, ọ̀dọ́mọkùnrin tó wà níbẹ̀ wo ìwé náà, ó wò mí, ó ní, “Mọ́mì, ta ló fẹ́ bá yín tò ó? Ẹ jẹ́ ká bá yín tò ó níbí, owó iṣẹ́ rẹ̀ ò pọ̀.” Mo ní èmi ni n ó tò ó. Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò fi mí ṣẹ̀sín. Ó yí páwà olówó pọ́ọ́kú kan tó wà níbẹ̀ sẹ́yìn, ó fi bọ́tìnnì pupa kékeré kan hàn wá tí wọ́n kọ 115 àti 230 sí. Ó ní irú iná Amẹ́ríkà ni 115, tiwa ni 230. Tí ó bá wà ní 115 tí ẹ sì kì í bọ iná tiwa, ariwo kan péré lẹ ó gbọ́, owó ti lọ. Àwọn páwà tó dára lóde òní kò nílò bọ́tìnnì yẹn mọ́, wọ́n ń mọ̀ ọ́n fúnra wọn. Ó tún ní kí n gbé páwà méjì sọ́wọ́ wò, kí n má ra èyí tó fúyẹ́ bí páálí òfìfo. Mo fi ọwọ́ wọ̀n wọ́n bí a ṣe ń wọn iṣu. Òótọ́ ló sọ.

Àṣìṣe tèmi ni ti RAM. DDR4 ni mọ́dàbọ́ọ̀dù tí a rà ń lò. Ní ìsọ̀ mìíràn tí mo ti ra RAM, mo rí DDR5, wọ́n ní òun ló dé kẹ́yìn, èmi náà bá ní èyí tó dé kẹ́yìn ni yóò dára jù. Ojú ọjà, àbí? Nílé la tó rí i pé kò wọ̀. Ibi tí wọ́n gé ní etí rẹ̀ kò bá ibi tó yẹ mu. Ọpẹ́ ni pé a kò fi tipátipá tì í. Mo padà sí Ìkẹjà ní ọjọ́ kejì pẹ̀lú ríséètì, wọ́n sì pààrọ̀ rẹ̀ fún mi, ṣùgbọ́n owó ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀ ti bá ọ̀nà lọ. Ẹ máa gba ríséètì, ẹ̀yin ènìyàn wa. Àwa tí a ń ta ọjà, a kì í fẹ́ fún ènìyàn ní ríséètì, a kì í sì í rántí láti gbà á.

Títò rẹ̀ wá ńkọ́? Kí ènìyàn tó fọwọ́ kan ohunkóhun, kó kọ́kọ́ fọwọ́ kan irin késì, kí iná àìrí tó wà lára kó kúrò, pàápàá ní àsìkò ọyẹ́ tí aṣọ ọ̀rá ń ta pàù lára ẹni. Lórí tábìlì ni a ti fi prósẹ́sọ̀ sí ara mọ́dàbọ́ọ̀dù, kí a tó gbé e wọ késì. Àmì igun mẹ́ta kékeré aláwọ̀ góòlù kan wà ní igun prósẹ́sọ̀, irú rẹ̀ wà ní igun sọ́kẹ̀ẹ̀tì. Ẹ gbé ọ̀pá kékeré ẹ̀gbẹ́ sọ́kẹ̀ẹ̀tì sókè, ẹ fi àmì kọjú sí àmì, ẹ gbé e lé e. Fúnra rẹ̀ ni yóò jókòó. Ọwọ́ kò gbọdọ̀ tì í, nítorí abẹ́ ti AM4 kún fún ẹsẹ̀ tín-ín-rín tó rọ̀ ju abẹ́rẹ́ lọ, tí ọ̀kan bá wọ́, ẹkún ni. Fáànù tó bá a wá ní síkúrù mẹ́rin. Ẹ má dè é ní ọ̀kan tán kí ẹ tó kan èkejì. Ẹ dè é díẹ̀ níbí, díẹ̀ ní igun tó dojú kọ ọ́, bí àwọn afọkànàìzà ṣe ń de nọ́ọ̀tì táyà. RAM méjì la rà, 8GB lọ́nà méjì, nítorí pé méjì ń ṣiṣẹ́ yára ju ẹyọ kan tó jẹ́ 16GB lọ. Tí ihò rẹ̀ bá jẹ́ mẹ́rin, ẹ ka a láti ẹ̀gbẹ́ prósẹ́sọ̀, kí ẹ fi wọ́n sí ìkejì àti ìkẹrin. SSD kò ju gọ́ọ̀mù tí àwọn ọmọdé ń jẹ lọ, síkúrù kan ṣoṣo ló dì í mú. Ẹ rántí rẹ̀, n óò padà sórí rẹ̀. Inú késì ní àwọn ìdè idẹ kéékèèké tó ń gbé mọ́dàbọ́ọ̀dù kúrò lára irin. Tí ẹ bá gbàgbé wọn, irin yóò kan irin, kò sì ní tàn. Wáyà páwà ńlá kan wà tó ní ojú 24. Òmíràn tó ní ojú mẹ́jọ wà fún prósẹ́sọ̀, ọ̀pọ̀ ẹni tó kọ́kọ́ ń tò ó ló máa ń gbàgbé òun. Ohun tó pẹ́ lọ́wọ́ wa jù ni àwọn wáyà wẹ́wẹ́ bọ́tìnnì iwájú késì. Ẹ̀rọ fóònù ni ọmọ mi fi tan iná sí i, èmi sì gbé dígí ojú mi wọ̀.

A tẹ bọ́tìnnì. Fáànù yí. Iná kékeré tàn. Ojú mọ́nítọ̀ ṣú dùdù. Ẹ̀yin ará, ikùn mi kọ gbígbóná. Mo rántí gbogbo owó yẹn, mo rántí ohun tí bàbá ilé yóò sọ. Ọmọ mi ní, “Mọ́mì, ẹ fara balẹ̀ ná.” Ó pa á, ó fa wáyà rẹ̀ kúrò lára ògiri, ó wá fi àtàǹpàkò méjèèjì tẹ RAM tí mo rò pé mo ti tẹ̀ délẹ̀. Ó dún kàn. Kò wọlé tán tẹ́lẹ̀ ni. A tún tẹ bọ́tìnnì, ojú rẹ̀ sì mọ́lẹ̀.

N kò sọ ìtàn yìí kí ẹ lè pàtẹ́wọ́ fún mi. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní oṣù kẹta ọdún 2025 ni mo fẹ́ kí ẹ gbọ́. Iná dé lálẹ́ ọjọ́ kan pẹ̀lú agbára tó pọ̀ jù, bí ó ṣe máa ń ṣe, kọ̀ǹpútà tèmi sì dákẹ́, gẹ́gẹ́ bí ti ọ́fíìsì wa ṣe dákẹ́ ní ọdún 2023. Àmì kan náà gan-an. N kò gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni. Mo ronú pé bí fáànù kò bá yí rárá, páwà ni kí n kọ́kọ́ fura sí. Mo yá páwà aládùúgbò mi kan wò, ó tàn. Mo ra tuntun, mo fi sí i, iṣẹ́ wákàtí kan. Ẹ̀kọ́ kan wà níbẹ̀ tí mo gbọ́dọ̀ fi sí i: a kì í ṣí inú páwà fúnra rẹ̀, bó ti wù kí ó rí, nítorí iná ṣì lè wà nínú rẹ̀ lẹ́yìn tí a ti fà á kúrò lára ògiri, ó sì lè pa ènìyàn. Òun nìkan ni àpótí tí ẹ kò ní fọwọ́ kàn. Ẹ jù ú nù, ẹ ra òmíràn.

Wákàtí kan, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn ni owó aṣọ ìyá aládìrẹ.

Bàbá Alága ní tòkunbọ̀ rọjú. Òótọ́ ni, n kò ní jiyàn rẹ̀. Láti oṣù kẹfà ọdún 2023 tí wọ́n ti fi náírà sílẹ̀ kí ọjà máa dá iye rẹ̀, ẹ̀yà tuntun ti wọ́n. Nígbà tó sì di ìparí ọdún 2025, owó RAM tún fò sókè káàkiri àgbáyé, nítorí àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń kọ́ ilé ńláńlá fún AI ń kó o lọ. Ẹni tó bá sọ fún yín pé títò fúnra ẹni ni ó rọjú jù, irọ́ ló ń pa. N kò tilẹ̀ ní kọ iye owó kankan síbí, nítorí kí wọ́n tó tẹ ìwé yìí tán, ó ti lè yí. Ṣùgbọ́n ẹ bi ara yín pé kí ló mú tòkunbọ̀ rọjú. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni àwọn ọ́fíìsì òkè òkun jù nù nítorí wọ́n ti gbó. Microsoft ti dá ìtọ́jú ọ̀fẹ́ Windows 10 dúró ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025. Windows 11 tó rọ́pò rẹ̀ kò sì gba prósẹ́sọ̀ Intel tó bá ti ṣáájú ìran kẹjọ. Wọn yóò lẹ Windows 11 mọ́ ọn fún yín ní ọjà, wọn yóò ní ó ń ṣiṣẹ́. Ó lè ṣiṣẹ́ lónìí. (Linux wà, ọ̀fẹ́ ni, ó sì ń ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rọ tó ti gbó. Tí ẹgbẹ́ bá ra tòkunbọ̀, òun ni n ó bẹ̀ yín pé kí a lò.)

Ọ̀rọ̀ iná tún wà. Alhaja tí wọ́n ń ta ìrẹsì bi mí pé tí iná bá lọ ńkọ́, ṣebí láptọ́ọ̀pù ní bátìrì. Ìbéèrè ọlọ́gbọ́n ni. Ẹni tó jẹ́ pé orí ìsọ̀ ló ti ń ṣírò, tó ń gbé e lọ gbé e bọ̀, kó ra láptọ́ọ̀pù, kí ó má gbọ́ tèmi. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì kì í lọ ibì kan. Irú èyí tí mo tò yìí, tí kò ní káàdì àwòrán, kò jẹ ju iná gílóòbù àtijọ́ kan tàbí méjì lọ bó bá ń ṣiṣẹ́ ìwé. Ẹ̀rọ oòrùn tí a ti fi sórí ọ́fíìsì lè gbé e. UPS kékeré kan yóò sì fún wa ní ìṣẹ́jú díẹ̀ láti fi iṣẹ́ pamọ́ kí a sì pa á.

Wàyí o, ohun tó dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ ọdún 2023 kọ́ ni RAM. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, orúkọ yín, nọ́ńbà fóònù yín, nọ́ńbà àkáǹtì yín, ẹni tó jẹ gbèsè àti iye tó jẹ, gbogbo rẹ̀ wà lórí tábìlì ẹni tí a kò mọ̀ rí, tí kò bá wa búra. Òfin ti wà lórí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ láti ọdún 2023 ní Nàìjíríà, pé ẹni tí ọ̀rọ̀ ara ẹlòmíràn wà lọ́wọ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣọ́ ọ. Èmi akọ̀wé yín ni mo gbé e fún un, mo sì gbé e fún un pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Tí a bá ti tò ó fúnra wa, a ó mọ SSD, síkúrù kan ṣoṣo. Bí ẹ̀rọ náà bá tilẹ̀ ní láti jáde lọ sí ibi àtúnṣe lọ́jọ́ kan, SSD yóò wà nínú àpótí irin akápò. Ìyá ọlọ́jà lè lọ sí ọsibítù, ẹrù kò ní bá a lọ. Kọ́pì kejì ìwé wa yóò sì máa wà lọ́tọ̀, ní ilé mìíràn, èyí tó yẹ kí a ti máa ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ tí èmi kò ṣe.

Wọ́n tún ní èmi nìkan ni mo mọ̀ ọ́n tò, pé tí mo bá kú ńkọ́, tàbí tí mo bá lọ sí ìlú òkèèrè. Àtakò yìí ló lágbára jù lójú mi. Nítorí náà ni mo fi ń bẹ̀bẹ̀ pé kí ọmọ ẹgbẹ́ mẹ́ta mìíràn jókòó pẹ̀lú mi, kí ó jẹ́ pé ọwọ́ tiwọn ni yóò tò ó, kí n kàn máa wò. Ẹ jọ̀wọ́, kí ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ẹni tó ti lé ní àádọ́ta ọdún.

Ohun ìkẹyìn tí mo fẹ́ kí ìpàdé gbé yẹ̀wò kan ẹ̀yin tí ẹ ní ilé ìtẹ̀wé, ẹ̀yin tí ẹ ń ya fọ́tò, àti ẹ̀yin tí ẹ ń bá àwọn ọmọ ilé-ìwé tẹ iṣẹ́. Àwọn kan nínú yín ti ń ra ẹ̀yà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan bí a ṣe ń ra búlọ́ọ̀kù ilé: késì lóṣù yìí, RAM lóṣù mìíràn, mọ́dàbọ́ọ̀dù tó bá di ìgbà ọdún. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Búlọ́ọ̀kù kì í bàjẹ́ níta, a sì lè fojú rí èyí tó sán. Ṣùgbọ́n ẹ kò lè mọ̀ bóyá RAM tí ẹ rà dára títí tí ẹ̀yà tó kẹ́yìn yóò fi dé. Kó tó dé, ọjọ́ tí ẹni tó tà á fún yín lè gbà á padà ti kọjá lọ tipẹ́. Ọjọ́ kan ni kí a ra gbogbo rẹ̀, kí a tò ó lọ́sẹ̀ yẹn. Níbẹ̀ ni ẹ̀yáwó ẹgbẹ́ ti wúlò. Mo ń dábàá ẹ̀yáwó kan tí yóò wà fún ẹ̀yà kọ̀ǹpútà, tí a ó san padà láàárín oṣù mẹ́wàá, tí ọmọ ẹgbẹ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún yóò jọ gbà kí wọ́n lè jọ lọ sọ́jà kí wọ́n sì jọ ná an. Ẹni tó ra páwà márùn-ún kò ní san owó kan náà pẹ̀lú ẹni tó ra ẹyọ kan, ẹ̀yin náà mọ̀ bẹ́ẹ̀ ní ìsọ̀ yín.

N óò gbé kọ̀ǹpútà tèmi wá sí ìpàdé, n óò sì ṣí i kalẹ̀ lórí tábìlì iwájú. Ẹni tó bá fẹ́ fọwọ́ kàn án, kó fọwọ́ kan irin késì ná. Bí ìpàdé bá dìbò fún tòkunbọ̀, èmi ni n ó bá Bàbá Alága lọ rà á, n ó sì ṣí i wò lójú ẹni tó ń tà á kí a tó sanwó. Bó bá jẹ́ títò ni, orúkọ àwọn mẹ́ta tí yóò bá mi jókòó ni kí ẹ fi ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Ẹni tó bá sì ní mọ́nítọ̀ tí kò lò mọ́ nílé, kó jọ̀wọ́ bá mi sọ̀rọ̀, a ó rà á lọ́wọ́ rẹ̀ ní iye tó bá tọ́, a ó sì fún un ní ríséètì.